Ìdàrọ́ Tánganran àti Ìṣúra Inú Rẹ̀

Bí àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó bá dúró létí ọ̀sà, Ìddó ni a ó máa wò ní òdìkejì, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti òkè ọya wá parí sí láyé àtijọ́. Ní ọdún 1914, ọ̀nà irin tóóró kan láti Zaria gba Jos kọjá dé Bukuru. Kí ọ̀nà Port Harcourt tó dé òkè Jos, Èkó ni tánganran ibẹ̀ ń gbà dé etí òkun.

Iyanrìn dúdú ni tánganran nígbà tí a bá wà á. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a máa ń kó lọ yọ́ ní Bootle, lẹ́bàá Liverpool. Òkúta dúdú mìíràn, columbite, a máa bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn awakùsà fi ń dà á sí ààtàn. Ṣùgbọ́n niobium wà nínú rẹ̀, èyí tí Charles Hatchett ṣàwárí ní 1801, tí ó sì ń mú kí irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú fara da iná. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi owó kún iye rẹ̀ ní 1952, àwọn awakùsà padà lọ tú ààtàn wọn.

Ìṣúra mìíràn fara pamọ́ sínú ìléru. Nígbà tí tánganran bá yọ́, tí ó ń ṣàn jáde, niobium àti tantalum kì í bá a lọ. Inú ìdàrọ́ ni wọ́n ń kù sí. A ó lọ ìdàrọ́ náà kúnná, a ó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì hydrofluoric, èyí tí ń jẹ dígí pàápàá. Irin méjèèjì a sì yòrò sínú rẹ̀. Òróró kẹ́míkà kan ni a ó fi fà wọ́n jáde: niobium ni a kọ́kọ́ ń fọ̀ kúrò nínú òróró náà, tantalum a sì tẹ̀lé e. Tantalum yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a ń kì sápò lónìí. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé, ohun tí a ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Ní àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ Makeri ń yọ́ tánganran ní Jos gan-an. Ìléru wá sílé, ṣùgbọ́n òkè òkun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi ásíìdì tú ìdàrọ́ wà.

Kí a má sì gbàgbé ewu. Ásíìdì náà ń wọ ara dé egungun. Ní Jos, àwọn kan sì ti fi iyanrìn ààtàn kùsà kọ́ ilé, láìmọ̀ pé thorium inú rẹ̀ ń tan ìtànṣán tí ó lè pa wọ́n lára.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Àìmọ̀ ni ó sọ ìṣúra wa di ààtàn. Àìmọ̀ kan náà ni ó sì sọ ààtàn di ògiri ilé wa.