Àkọtọ́ Tuntun, Ẹ̀rọ Àtijọ́: Ìtàn Ìtúnkọ Abala Ètò JavaScript

Ẹni tí ó bá rìn láti Joju dé abẹ́ afárá Sango yóò rí i pé pátákó kan kọ Otta, èkejì kọ Ota. Èyí tí ó kọ Ọ̀tà ṣọ̀wọ́n. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò fẹ́ kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, ó sì fẹ́ àmì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì, Ota náà ni yóò tẹ̀. Òǹkàwé ni yóò fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá ìlú ni, tàbí ọ̀tá, tàbí ọta ìbọn.

Irú ọ̀ràn yìí wà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ń pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ lásán, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni lójú tèmi. Brendan Eich ṣẹ̀dá èdè JavaScript ní 1995 láìṣe ètò kankan fún pípín iṣẹ́ ńlá sí abala tí ọ̀kan lè yá nǹkan lọ́wọ́ èkejì. Ní 2009 ni Kevin Dangoor bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí a wá mọ̀ sí CommonJS, Node.js, tí Ryan Dahl gbé jáde lọ́dún náà, sì gbà á lò. Ọ̀rọ̀ náà require ni wọ́n fi ń yá nǹkan. Ní oṣù kẹfà 2015, ẹgbẹ́ Ecma tí ń ṣe òfin èdè náà fi import àti export lélẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lóde kò gbọ́ ọ. 2017 ni Safari àti Chrome tó gbọ́ ọ. Ó di ìparí 2019 kí Node.js tó gbà á láìgba àṣẹ àkànṣe.

Ògbufọ̀ ni ó wà láàárín. Sebastian McKenzie, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ 6to5 ní 2014, ó sì di Babel ní 2015. Ẹni tí ó ti ka Jẹ́nẹ́sísì yóò rántí ilé ìṣọ́, ṣùgbọ́n ẹja inú ìwé ìtàn Douglas Adams ni a fi sọ ọ́, èyí tí a ń fi sí etí láti gbọ́ gbogbo èdè.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà tuntun, ẹni tí ó yá orúkọ kan kò yá iye rẹ̀ nìkan. Orúkọ náà ṣì so mọ́ ilé tí ó ti wá. Bí ilé bá sọ 1 di 2, 2 ni ẹni tí ó yá a yóò rí. Nínú ìlànà àtijọ́, ẹni tí ó bá mú iye náà jáde, ẹ̀dà ni ó mú. 1 ni yóò máa kà títí. Nítorí náà, níbikíbi tí orúkọ náà bá ti hàn, Babel a kọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀rọ yóò fi padà lọ béèrè nílé. Ìwé náà a gùn sí i, a sì ṣòro kà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ dúró. Ó tún ń fi àmì kan síbẹ̀, __esModule, láti sọ fún ẹni tí ó gbà á pé àtúnkọ ni. Èyí ni mo gbóríyìn fún jù. Ota orí pátákó kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ àmì kò tán ìṣòro. Abala tuntun lè ní olórí kan, default, láàárín ohun tí ó ń fi síta. Babel 5 a máa fi olórí yìí lé ẹni tí ń lo require lọ́wọ́ tààrà, bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó wà. Babel 6, ní oṣù kẹwàá 2015, dá èyí dúró: kí oníbéèrè fi .default parí ìbéèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò dàrú, ariwo sì sọ. Lójú tèmi, Babel 6 ni ó tọ̀nà. Ìtumọ̀ tí yóò yí padà kìkì nítorí pé a fi ohun kejì kún abala kò ṣeé gbára lé.

Ohun kan wà tí kò ṣeé túnkọ. Láti 2022 ni òfin èdè náà ti gba abala láàyè láti fi await dúró ní òkè pátápátá, kí ó retí ohun tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Require kò gba ìlérí. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ní oṣù kejìlá 2024, Node.js 22.12 jẹ́ kí require pe abala tuntun láìsí ògbufọ̀. Bí ó bá bá await lókè abala náà, a kọ̀, a sì sọ ìdí tí ó fi kọ̀.