Ta Ni Nínú Wa Ti Dé Ilẹ̀ Yìnyín Rí?

Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òtútù fún ará Dubai àti Sharjah dà bí ẹni tí ń polówó agboòrùn lóru. Ní oṣù kẹjọ ọdún, ooru ibí a máa ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, débi pé ẹni tí ó bá dúró de bọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò rò pé òun ti di ẹran àsun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òtútù ni a gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé ó kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, àwa mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ dáwó jọ, a wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah lọ sí Dubai láti lọ wo Ski Dubai, ilé yìnyín tí wọ́n kọ́ mọ́ ọjà ńlá tí à ń pè ní Mall of the Emirates, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2005. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe yìnyín inú rẹ̀. Ibi tí ó gùn jù nínú àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ wálẹ̀ jẹ́ 400 mítà. Kóòtù ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa wọ̀ kí a tó wọlé, eyín wa sì ń lu ara wọn pépépé. Láti ọdún 2012 ni àwọn ẹyẹ tí à ń pè ní pẹngúìnì ti ń gbé níbẹ̀. Ẹyẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fò. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ó sì ń rìn bí alàgbà ìjọ tí ó wọ kóòtù tí ó ń lọ gba igbá ọrẹ. Àwọn baba wa ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa náà rìn, a sì rí ẹyẹ aláṣọ òyìnbó.

Nígbà tí à ń bọ̀, a rí àwòrán ńlá kan lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ń ta ìwé ìrìn-àjò. Ọkọ̀ ojú omi funfun kan ni, láàárín àwọn òkè yìnyín. Wọ́n ní kí a wá bá wọn lọ wo pẹngúìnì àti àbùùbùtán ní ilé wọn gan-an. A wo iye owó rẹ̀, a wo ojú ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé owó ọ̀hún tó san owó ilé fún wa fún ọdún kan. Ibẹ̀ ni àbúrò wa kan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ti béèrè pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ènìyàn dúdú tilẹ̀ ti dé ibẹ̀ rí?”

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Títí bọ́ọ̀sì fi dé Sharjah, a dákẹ́ lọ gbári ni. Ojú tì wá, nítorí pé méjì nínú wa ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ní ọjọ́ kejì a gba ilé-ìkàwé lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a kó jọ síhìn-ín.

BÍ ÌRÌN-ÀJÒ AFẸ́ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà. Orí ayé ní ìkángun méjì tí ó tutù. Ti àríwá ni Arctic: òkun dídì ni, ilẹ̀ yí i ká, ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Níbẹ̀ ni béárì funfun wà. Ti gúúsù ni Antarctica: ilẹ̀ ni, òkun ni ó yí i ká, kò sí onílẹ̀ kankan tí ó ń gbé ibẹ̀. Níhà ibẹ̀ ni ilé pẹngúìnì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ya béárì funfun àti pẹngúìnì sínú àwòrán kan náà ń tàn wá ni. Wọn kò mọ ara wọn rí. Ní ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé a kò gbọdọ̀ jagun ní Antarctica, pé àlàáfíà àti ìwádìí ìmọ̀ ni kí a máa lò ó fún.

Ẹni tí ó sọ ilẹ̀ yìnyín di ibi ìgbafẹ́ ni Lars-Eric Lindblad, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó ń ṣòwò ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966 ó kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí Antarctica. Ní ọdún 1969 ó sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Lindblad Explorer. Ọkọ̀ náà pààrọ̀ olówó, ó sì pààrọ̀ orúkọ, kí yìnyín tó lù ú ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, tí ó sì rì. Ọlọ́run ṣe é, gbogbo ènìyàn 154 tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbà là. Láti ọdún 1991 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe òwò yìí ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi òfin de ara wọn: ènìyàn tí ó ju 100 lọ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ẹyẹ jù. Lẹ́yìn ọdún 2020, àwọn tí ń lọ láàárín ọdún kan ti lé ní 100,000. Ushuaia ní ilẹ̀ Argentina ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń ṣí, wọn a sì lo nǹkan bí ọjọ́ méjì lórí omi líle kí wọ́n tó rí ilẹ̀ yìnyín.

ÀWỌN TÍ Ó FẸ́ GBÉ YÌNYÍN WÁ SÍLÉ

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò fẹ́ lọ bá òtútù. Wọ́n fẹ́ kí òtútù wá bá wọn. Ní ọdún 1833, oníṣòwò ará Boston kan, Frederic Tudor, fi ọkọ̀ kó nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù yìnyín ránṣẹ́ sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rìn lójú omi, síbẹ̀ nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ló kù, ó sì rí i tà.

Ní ọdún 1977, ọmọ ọba Saudi Arabia kan, Mohammed Al-Faisal, pe àwọn onímọ̀ jọ sí yunifásítì ìlú Ames ní Iowa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti jíròrò bí a ṣe lè fi ọkọ̀ fa òkè yìnyín láti Antarctica wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá, kí a lè rí omi mu. Wọ́n tilẹ̀ gbé yìnyín wá láti Alaska kí àwọn àlejò lè fojú rí i. Ìpàdé tú, yìnyín yọ́. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ kan ní Abu Dhabi tún gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ dìde, pé àwọn yóò fa òkè yìnyín wá sí etíkun Fujairah. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí, omi òkun tí a yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi tí à ń mu níhìn-ín.

A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni òùngbẹ ń gbẹ ni í mọ iyì omi. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé owó lè ra yìnyín, ó lè ra pẹngúìnì pàápàá, ṣùgbọ́n ìbéèrè àbúrò wa ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn rẹ̀ wàyí.

MATTHEW HENSON

Ènìyàn dúdú ti dé ibẹ̀. Matthew Henson ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Maryland ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1866, ọdún kan péré lẹ́yìn ogun tí ó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ó di ọmọ òrukàn ní kékeré, ó sì di ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ni ó kọ́ ọ ní ìwé. Ní ọdún 1887, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà ní Washington, ó pàdé Robert Peary, ó sì di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ rìn.

Henson ni ó gbọ́ èdè àwọn Inuit, àwọn onílẹ̀ yìnyín. Òun ni ó mọ bí a ti í kan pátákó tí ajá ń fà lórí yìnyín, òun ni ó mọ ajá í darí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1909, Peary kéde pé àwọn ti dé ṣóńṣó àríwá ayé. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni Henson àti Inuit mẹ́rin: Ootah, Egingwah, Seegloo àti Ooqueah. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé Henson kò sí níbẹ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Ìyìn, oyè àti àmì ẹ̀yẹ bọ́ sọ́wọ́ Peary. Henson kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1912, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kà á kò pọ̀. Ó di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù ní New York títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kú ní ọdún 1955. Ọdún 1988 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí itẹ́ ìsìnkú àwọn akọni ní Arlington, níbi tí Peary ti wà láti ọdún 1920. Ọdún 33 lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà ni wọ́n tó rántí ibi tí ó yẹ kí ó sùn sí!

ỌMỌ TOGO NÍ GREENLAND

Èyí tí ó mú orí wa wú jù lọ ni ìtàn ọmọ ìtòsí ilé wa. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ ilẹ̀ Togo, ni wọ́n bí ní ọdún 1941. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó pàdé ejò lórí igi àgbọn, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Baba rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyálórìṣà òjòlá nínú igbó, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ìyá náà ní kí ọmọ náà padà wá di aborìṣà òjòlá. Ẹ̀rù bà á. Láàárín ìgbà náà ni ó rí ìwé kan rà ní Lomé, tí ó sọ nípa Greenland, ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò sì ní ejò. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Àwọn mìíràn ń lọ wo yìnyín nítorí afẹ́. Ọmọ yìí fẹ́ lọ nítorí pé ejò kò lè gbé ibẹ̀.

Kò lówó ọkọ̀, kò ní olówó lẹ́yìn. Ó sá kúrò nílé, ó ń ṣiṣẹ́ ó ń rìn: Ghana, Senegal, Faransé, Jámánì, Denmark. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni ó fi wà lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1965 ó gúnlẹ̀ sí gúúsù Greenland. Nígbà tí àwọn ọmọdé rí ọkùnrin dúdú gíga náà, àwọn kan ké, wọ́n sá pamọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn onílé fi ń du àlejò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó bá wọn gbé fún ọdún kan ó lé. Ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, títí kan awọ àbùùbùtán. Ó kọ́ bí a ti í darí ajá. Ó lọ sókè títí dé Upernavik, níbi tí ó ti bá bàbá àgbàlagbà kan, Robert Mattaaq, gbé nínú ilé tí wọ́n fi ilẹ̀ koríko mọ. Ó fi àṣà wọn wé tiwa, kò sì fi òótọ́ pamọ́: ó kọ̀wé nípa ọtí àmujù àti ìyà tí ó rí, bí ó ti kọ̀wé nípa oore tí wọ́n ṣe é.

Nígbà tí ó yá, ó wò ó pé bí òun bá jókòó síbẹ̀ títí ayé, ta ni yóò sọ ohun tí òun rí fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà? Ó padà wá sílé, ó sọ ọ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1981, ó gba ẹ̀bùn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Greenland ti rí ní àkókò náà yóò ka ìwé ọmọ Togo.

Ẹ̀KỌ́ WO NI Ó WÀ NÍBẸ̀?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a mú àbúrò wa lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi ní Sharjah. Níbẹ̀ a rí irinṣẹ́ àwọn tí ń wọ inú òkun lọ wá péálì láyé àtijọ́: òkúta tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti rì, ohun tí wọ́n fi ń pa ihò imú dé. Kí òwò náà tó dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, péálì ni ó bọ́ etíkun yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ń rì sínú omi náà. Ọrùn àwọn ayaba ni péálì wọn lọ. Orúkọ wọn ńkọ́? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹ wo àwọn mẹ́ta yìí: ẹni tí ó wá péálì kò kọ nǹkan sílẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Henson kọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò tètè kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Kpomassie kọ, wọ́n sì kà á. Kò sí ẹni tí ó lè gba ìrìn-àjò rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwa náà ń rìn. Bí ó bá ṣe pé owó ọkọ̀ yìnyín kò ní kàn wá láéláé, a ti dé ibi tí àwọn tí ó wà nílé kò dé. Lẹ́tà tí à ń kọ sílé, owó ilé àti èsì ìdánwò nìkan ni ó ń sọ. Nítorí náà, a bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù kọ ohun kan tí ó rí ní ilẹ̀ yìí, ní èdè Yorùbá, kí ó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa yìí. Kò di dandan kí ó gùn. Àbúrò wa ti kọ tirẹ̀. Orí pẹngúìnì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí.

A ó máa retí tiyín o.