Òṣùwọ̀n Ewu: Ìtàn Ìlànà Ààbò Ilé-iṣẹ́ Iná Núkílíà àti Ohun tí Ó Kan Gúúsù Èkìtì

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó ń lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì ti gba ewu kan mọ́ra, bí kò tilẹ̀ jókòó ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ìwọ̀n ewu tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná alágbára núkílíà lè mú bá aládùúgbò rẹ̀, irú ewu ojoojúmọ́ báyìí ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Rasmussen darí gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n to àwọn ohun tí ó lè bàjẹ́ tẹ̀lé ara wọn, bí i fáàfù tí kò ṣí, páǹpù tí kò ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ tí ó ṣàṣìṣe, wọ́n sì ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi ewu náà wé ti òkúta tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta ko ìdánilójú yìí, àjọ tí ń ṣàkóso núkílíà níbẹ̀ sì yọwọ́ nínú àkópọ̀ ìwádìí náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí jàǹbá fi ṣẹlẹ̀ ní Three Mile Island: fáàfù kan ṣí, kò padé mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì tètè mọ̀. Irú àṣìṣe kékeré tí ìgbìmọ̀ náà ti tọ́ka sí gan-an ni.

Ní ọdún 1986, tí Chernobyl gbiná, ni àjọ náà fi òṣùwọ̀n lélẹ̀: ewu ikú òjijì tí jàǹbá ilé-iṣẹ́ náà lè mú bá ẹni tí ń gbé nítòsí kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 1,000 ewu ikú tí àwọn jàǹbá yòókù ń mú bá ará Amẹ́ríkà lọ. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye kan pàtó ni wọ́n dá ní 1992: ènìyàn 1 nínú 100,000 lọ́dún fún ilé-iṣẹ́ tuntun. Iye yìí kì í gòkè nítorí pé títì burú.

Òfin ààbò núkílíà Nàìjíríà ti wà láti 1995, àjọ tí ń mú un ṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ẹ̀rọ ìwádìí kékeré ti Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ó kéré jọjọ sí ti ilé-iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dárúkọ Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogí mọ́ ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ iná sí, Kogí sì bá Èkìtì pààlà.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà wá láìyí i padà, bí ikú ojú títì wa bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu tí a ó fàyè gbà fún ilé-iṣẹ́ náà yóò máa pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ Emùré tàbí Ìsẹ̀ tí ọ̀nà búburú ti wu léwu ni a ó tún fi ewu kún ewu rẹ̀. Kí a tó lè rí ìdá 1 nínú 1,000 yẹn pàápàá, a ní láti ka òkú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí jàǹbá ń pa ní abúlé ni a sì ń sin láìwọ ìwé ìjọba kankan.