Ìtò àti ìdáàbòbò ohun èlò ilé ìdáná nínú ọkọ̀-ilé

Ìtò àti ìdáàbòbò ohun èlò ilé ìdáná nínú ọkọ̀-ilé jẹ́ ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà kó oúnjẹ, ìkòkò, àwo àti ọ̀bẹ pamọ́ sínú ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn, sítóòfù àti ẹ̀rọ omi, kí wọ́n má baà fọ́ tàbí ṣe ènìyàn léṣe lójú ọ̀nà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà.

Ìtàn ní ṣókí

Kí mọ́tò tó dé ni àwọn atukọ̀ ojú omi ti ń kojú ìṣòro yìí. Wọ́n máa ń kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí tábìlì àti pẹpẹ kí àwo má baà yọ̀ ṣubú nígbà tí ìgbì bá ń mi ọkọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára pẹpẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé lónìí. Ní ọdún 1910, ilé-iṣẹ́ Pierce-Arrow ti Amẹ́ríkà ṣe àfihàn Touring Landau, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀-ilé àkọ́kọ́. Ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọkọ̀ Volkswagen di ibùgbé arìnrìn-àjò.

Ìdí tí ẹrù fi ń ṣí nípò

Gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní Isaac Newton (1687), ohun tí ó bá ń lọ yóò máa lọ ní ìlà tààrà àyàfi bí agbára mìíràn bá dá a dúró. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n agolo tí a kò dè yóò máa bá eré rẹ̀ lọ síwájú. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó wà nínú ìrìn agolo náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìpín ìwúwo

Ìsàlẹ̀ ni a ń kó ẹrù wíwúwo sí, bí ìkòkò irin àti agolo oúnjẹ, ní ìtòsí ọ̀pá àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀. Òkè wà fún ohun fífúyẹ́ bí búrẹ́dì àti ife ike. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan, nítorí náà omi inú ìgò àti táǹkì wà lára ẹrù tí a gbọ́dọ̀ kà. Ìwọ̀n àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ní Yúróòpù kò ju kìlógíráàmù 3,500 lọ. Bí ẹrù bá kọjá ìwọ̀n, ọkọ̀ kì í tètè dúró, táyà sì lè bẹ́.

Ọ̀nà ìdáàbòbò

• Ilẹ̀kùn àti dúrọ́ọ̀: ìkọ́ tàbí bọ́tìnnì tí ń há ni ó yẹ wọ́n. Òòfà lásán kò tó, nítorí ẹrù inú lè ti ilẹ̀kùn ṣí.
• Pẹpẹ: a ń tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sí i, a sì ń fi aṣọ ìnuwọ́ dí àlàfo àárín ẹrù.
• Àwo: èyí tí kì í fọ́ ni ó dára jù. Bí ó bá jẹ́ tánganran, a ń fi aṣọ sí àárín wọn.
• Ọ̀bẹ: inú àkọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀ tí a há ni ó yẹ kí ó wà.
• Oúnjẹ: ike onígun mẹ́rin tí ó ní ìdérí kì í fi àyè ṣòfò bí èyí tí ó rí róbótó.

Gáàsì

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Ìdí nìyí tí ihò fi wà ní ìsàlẹ̀ àpótí gáàsì. A kò gbọdọ̀ fi àpò tàbí páálí dí ihò náà. Ó yẹ kí sílíńdà dúró ṣánṣán, kí a sì dè é mọ́lẹ̀. Ní ìgbà òtútù, gáàsì butane kì í ru jáde dáadáa ní ìtòsí 0°C, ṣùgbọ́n propane ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí ọkọ̀ tó gbéra àti lẹ́yìn tí ó bá dúró

Ó yẹ kí a pa sítóòfù, kí a ti gáàsì láti orí sílíńdà, kí a kó gbogbo ohun tí ó wà lórí pẹpẹ kúrò, kí a sì há ilẹ̀kùn fíríìjì. Bí a bá dé ibi tí a ń lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè, nítorí ẹrù tí ó ti ṣí nípò lè fara ti ilẹ̀kùn, kí ó sì já lu ẹni tí ó ṣí i.