Ìlù Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìbèsè, a jókòó níwájú ilé ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe onílù, ọmọ onílù. Ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa pé òun fẹ́ máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlaró lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láìgba kọ́bọ̀, láti máa kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìlù lílù. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà fi dá a lóhùn pé: "Ẹni tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tó kó aṣọ mi lọ, ṣé òun lẹ fẹ́ lọ kọ́ ní ìlù? Ta ni yóò wá lu ìlù fún èmi?"

Gbogbo wa dákẹ́. N kò rí èsì fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdáhùn nínú ìtàn, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Irin tí a so kọ́ ara wọn, tí a fi ń de nǹkan, ni ẹ̀wọ̀n kí ó tó di orúkọ ilé. Ilẹ̀ Yewa yìí, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, kò ṣe àjèjì sí irin bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ẹrú lọ sí etíkun gba agbègbè wa kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń fìyà jẹ ọ̀daràn. Wọ́n ń bu owó ìtanràn lé e, wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀ títí ẹbí rẹ̀ yóò fi wá, wọ́n ń lé e kúrò nílùú, ọ̀ràn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ikú ni èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí a ka ọdún lé ènìyàn lórí, kí a tì í mọ́lé títí ọdún náà yóò fi pé, kí a sì pe èyí ní àtúnṣe, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá. Ọdún 1872 ni wọ́n dá ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀ ní Èkó fún nǹkan bí 300 ènìyàn. Nígbà tí ìjọba wọn na ọwọ́ dé Ìlaró ní àwọn ọdún 1890, òfin wọn bá wọn dé.

Kí ni a fi ń tún ìwà ṣe kí ilé náà tó dé? Orin wà lára rẹ̀. Láti Ìlaró dé Ṣawọ̀njọ, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, títí dé Kétu tó bọ́ sí ilẹ̀ Benin, ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí mọ̀ pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò: ẹni tó jalè, ẹni tó ba ilé onílé jẹ́, ẹni tó jẹ owó ìlú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a jà nítorí ohun tó fi orin sọ. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá tí aráyé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ kọrin bú kò kúrò nílùú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àárín wa ni yóò wà. Àwọn ọmọdé yóò máa kọ orin náà, etí rẹ̀ yóò sì máa gbọ́ ọ. Ojú a tì í, ṣùgbọ́n ìlú kò ta á nù. N kò sọ pé kò sí àṣìṣe nínú èyí, nítorí orin lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́ bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ti lè ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹni tó ṣẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló mú un kúrò níbi tí yóò ti gbọ́ ọ. Ó pa ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́nu mọ́, ó sì dí i létí pẹ̀lú.

Ṣé orin lè ṣí etí àti ẹnu náà? Mo rí àpẹẹrẹ kan ní ilẹ̀ Màláwì, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2013, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ian Brennan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba orin sílẹ̀, àti aya rẹ̀ Marilena Delli, lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Zomba. Nǹkan bí 340 ènìyàn ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó 2,000. Brennan tún jẹ́ olùkọ́ ní ọ̀nà tí a fi ń pẹ̀tù sí ìbínú kí ó má baà di ìwà ipá. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀: ó kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn wọ́dà, wọ́n sì gbà fún un láti gba orin sílẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ti ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn, àwọn wọ́dà pàápàá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ní tiwọn sọ pé àwọn kò mọ orin í dá. Ó rọ̀ wọ́n títí ọ̀kan fi jáde síwájú, ó sì kọ èyí tí ó dá fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣe tẹ̀lé e. Ní ọdún 2015, ogún orin wọn jáde nínú àwo kan. Wọ́n yan àwo náà mọ́ àwọn tí yóò du ẹ̀bùn Grammy, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí ará Màláwì rí. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn náà ní ọdún 2016, aládùúgbò wa ló gbà á, Angélique Kidjo, ọmọ Wídà, tó ń fi èdè Yorùbá àti Fọ̀n kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Zomba kò pàdánù, nítorí ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó tẹ̀lé iṣẹ́ náà mú kí wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀.

Àwọn gbajúmọ̀ ti kọrin fún ẹlẹ́wọ̀n ṣáájú èyí. Johnny Cash ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọrin fún, olùgbọ́ ni. Ẹni tí a kọ́ ní orin ti di ẹni tó ní ohùn. Ìlù tiwa sì ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Ọmọlé kò lè máa sáré níwájú ìyáàlù. Elégbè gbọ́dọ̀ fetí sí ẹni tó ń lé orin, kí ó dúró de àsìkò tirẹ̀, kí ó sì dákẹ́ nígbà tó bá yẹ. Ẹni tó bá kọ́ èyí dáadáa ti kọ́ bí a ti ń bá ẹlòmíràn gbé.

Ní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fi òfin yí orúkọ ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àtúnṣe sí i. Orúkọ nìkan kì í ṣe iṣẹ́. Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Ìlù kò lè rọ́pò adájọ́, kò sì lè dá aṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò jáde, ọ̀nà ilé ni wọn yóò sì tọ̀.

Mo padà lọ bá ìyá náà, mo sì sọ gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Kò burú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ bá mi sọ fún wọn pé aṣọ yẹn ṣì ń dùn mí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni mo fi rà á."

Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi, ó mi orí. Ó ní òun ti rí orin àkọ́kọ́ tí òun yóò kọ́ wọn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀ ìbá ti ṣe é.