Jẹ́lé-ó-sinmi: Ta Ló Ń Bá Wa Gbé Ọmọ ní Òkè-Odò?

Bí a bá tú "jẹ́lé-ó-sinmi" palẹ̀, ilé ni wọ́n ní kó sinmi. Wọn ò dárúkọ ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ kí ilé tó lè sinmi. Ẹni yẹn la ń wá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba yìí ni agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. A máa ń yin ètò náà, ó sì tọ́. Àmọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tó ń pọn àbúrò rẹ̀ bí ìyá bá lọ sọ́jà ti di ọmọ ilé ìwé. Àbúrò ńkọ́? Ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. (Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín.)

Ìyá àgbà ló sábà ń dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Èkó fẹ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgándò, yàrá kan ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya rí gbà. Ìyá àgbà wà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìjẹ̀bú. Ni wọ́n bá mú ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ẹlòmíràn tó yẹ kí òun náà wà nílé ìwé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Èkó ṣe ní 2007 lòdì sí èyí, ó sì yẹ kó lòdì sí i.

Ó wá ku jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ owó ti le. Lọ́dún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, ṣùgbọ́n òfin yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò wa ló ní òṣìṣẹ́ 25? Bí onílé ìwé bá fi kún owó oṣù, yóò fi kún owó ilé ìwé, ìyá aláta yóò sì gbé ọmọ rẹ̀ padà sí ìdí ìsọ̀. Bí kò bá fi kún un, olùtọ́jú ọmọ yóò wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àwọn kan ní àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. A ò gbà. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n àti ìyá àgbà ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ò tíì mọ bí a ó ṣe sanwó rẹ̀.

Ní 2014, ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Òkè-Odò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ náà kì í ṣe é. Bí ọkọ̀ bá há sí Ìyànà-Ìpájà lálẹ́, òun ló ń jókòó ti ọmọ títí ìyá yóò fi dé.