Ẹ̀sáǹsì, Fàyàwọ́ àti Ẹnubodè

Lónìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ẹ̀sáǹsì tó ń ti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ wa, èyí tí a ń pè ní kpayo.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá ni Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Àwọn òyìnbó ló pààlà sí wọn láàárín. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní 10 oṣù kẹjọ 1889. Láti ìgbà náà, ọjà kan náà lè ní iye méjì: iye tọ̀hún, iye tìhín.

Ohun tó bí fàyàwọ́ ẹ̀sáǹsì nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Nàìjíríà ń san lára owó epo fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Epo pọ́ọ́kú lọ́hùn-ún, ó wọ́n níbí. Ẹni tó bá gbé e kọjá, ó jèrè.

Kí ni Nàìjíríà ṣe sí fàyàwọ́? Ó ti ẹnubodè. Ó tì í ní 1984, kò ṣí i títí di 1986. Ó tún tì í ní oṣù kẹjọ 2003, nítorí fàyàwọ́ àti olè ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Ààrẹ wa nígbà náà, Mathieu Kérékou, lọ bá Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Àgbádárìgì ní 14 oṣù náà. Wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn aṣọ́bodè méjèèjì yóò jọ ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀nà fi ṣí.

Ní 20 oṣù kẹjọ 2019, ó tún tì í. Oṣù kejìlá 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé CEDEAO ní Èkó ní 1975, pé kí ọjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Ọ̀pẹ̀ yìnbó àwọn àgbẹ̀ wa jẹrà. Ní ọ̀hún pẹ̀lú, wọ́n pàṣẹ pé kí a má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ jìyà, ẹni tí kò ṣe é náà jìyà.

Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, Nàìjíríà dáwọ́ owó tó ń san lórí epo dúró. Ní Èkó, lítà kan kúrò ní náírà 185, ó di 488. Lójú ẹsẹ̀, kpayo gbówó lórí ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Èrè fàyàwọ́ dín kù, láìjẹ́ pé ẹnì kankan yìnbọn.

Ṣùgbọ́n kò tán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké. Ó pa èèyàn tó lé ní 30.

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí fi hàn wá pé títi ilẹ̀kùn kò pa fàyàwọ́. Ìjíròrò ló ń ṣí ọ̀nà, iye owó tó bára mu ló ń dín fàyàwọ́ kù. Ẹ jíròrò èyí nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín: iṣẹ́ wo ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kpayo ní abúlé yín lè ṣe dípò rẹ̀?